Kí A Tó Hú U: Iṣẹ́ Mi Nídìí Yíyọ Ètò Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń rò ó lọ́wọ́ pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì kò ní orúkọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọkọ mi pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó ń yọ ohun tí kò ṣeé fojú rí kúrò nínú ẹ̀rọ." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á béèrè bóyá mo ti di wòlíì. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Àwọn ètò tí olóhun kò fẹ́ mọ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni mo ń yọ, tìdí-tìdí, títí kò fi ní sí àmì pé wọ́n wà níbẹ̀ rí. Mo ṣe é ní Móníyà, mo ṣe é ní Ṣáṣá, mo ṣe é dé àwọn abúlé Ìjàyè, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ìdí táìpùráítà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí mi fẹ́ kí n máa tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, mo sì kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń wo bébà tí wọ́n ń tẹ̀, èmi á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń yọjú wo abẹ́ ẹ̀rọ. Bí mo ṣe dọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Múdà nìyẹn, tí wọ́n ń tún táìpùráítà ṣe lójú ọ̀nà Móníyà, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, Sikírù, ọmọ iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wà lápá ọ̀hún o."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Sikírù, fún un ní sukudiráfà rẹ. Ìwọ, lọ gbálẹ̀."

Ọ̀gá Múdà le. Aṣọ funfun kan wà tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí tábìlì. Gbogbo ohun tí o bá tú, ibẹ̀ lo máa tò ó sí, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí o ṣe ń yọ wọ́n tẹ̀léra. Kí o sì tó yọ ohunkóhun, ìbéèrè mẹ́ta lo máa dáhùn sókè ketekete: Kí lorúkọ rẹ̀? Kí ló ń ṣe? Ta ló fara tì í? Bí o kò bá rí ìkẹta dáhùn, ohùn Ọ̀gá á dé láti ẹ̀yìn rẹ: "Má fọwọ́ kàn án."

Sikírù kì í ní sùúrù fún ìkẹta yẹn. Lọ́jọ́ kan ó rí sípíríǹgì kan nínú ẹ̀rọ ilé-ìwé kan, ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú. Ó yọ ọ́, ó tẹ lẹ́tà bíi mélòó kan, wọ́n jáde dáadáa. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí ò níṣẹ́ kankan," ó sì sọ ọ́ sínú agolo. Ọ̀gá kò bínú. Wọ́n ki bébà bọ ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Jókòó, kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ nílé." Sikírù ń tẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Aago kékeré tó yẹ kó dún bí ìlà bá fẹ́ parí kò dún. Ìlà dé etí bébà, kò dúró, gbogbo lẹ́tà ìgbẹ̀yìn ń gun ara wọn lórí, wọ́n di ọ̀pá dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

"Ó yá, ka ohun tí o kọ sí ìyá rẹ."

"Ọ̀gá, kò ṣeé kà."

"Ṣé ìyá rẹ wá lè kà á ni? Agolo dà?"

Gbogbo wa la da agolo náà sílẹ̀, tí a ń fi ìka tú síkùrù àti ìpẹtà kiri. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a kò rí iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ òun ló ń di gbogbo yòókù mú.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ó tó jẹun, ó rán àwọn ọmọ níwèé, ó tán.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kan kọ̀ǹpútà, táìpùráítà ni mo lọ tún ṣe ní ọ́fíìsì kan nítòsí Móníyà, níbi tí wọ́n ti ń pín irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀. Akọ̀wé wọn jókòó níwájú àpótí kan tí ojú rẹ̀ dúdú, tí lẹ́tà inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bí ọmọ àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ó tẹ kọ́kọ́rọ́ kan, lẹ́tà náà sì kúrò. Kò sí ìrésà, kò sí oje funfun tí a fi ń bo àṣìṣe, bébà ò ya.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló lọ?"

Ó ní, "Níbo ló lọ bíi ti báwo? Ó ti lọ náà nìyẹn."

Ara mi ò lélẹ̀. Níbo ló lọ? Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni mo ń dáhùn. Mo bẹ ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ó sì gbà kí n máa wá ka ìwé ńlá tó bá ẹ̀rọ náà wá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kà á, mo gbìyànjú rẹ̀, mo tún kà á. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bá níbẹ̀, kí ẹ sì bá mi yanu. Bí o bá tẹ DEL, tí o ní kí ẹ̀rọ pa fáìlì kan rẹ́, kò pa á rẹ́! Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń fi àmì bò, á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá náà ti ṣófo. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀ láìmira, títí ẹlòmíràn á fi wá gba àyè náà. Bí o bá sì tètè bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà, ẹ̀rọ á bi ọ́ pé: kí ni lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀? Òun nìkan ló gbàgbé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìbéèrè yẹn lójú ẹ̀rọ, mo dìde kúrò lórí àga, mo lọ dúró síta, mo ń wo ọ̀nà.

Ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n yọ jẹ́ ti ìṣirò tí ọ́fíìsì yẹn kò lò mọ́. Mo pa àpò rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tan ẹ̀rọ, ó dúró gbọn-in, ó ní òun ń wá nǹkan kan, òun ò rí i. Òkú ló ń wá. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ AUTOEXEC.BAT, tí ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn máa ń kà láràárọ̀ kó tó ṣe ohunkóhun, bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Orúkọ ètò tí mo pa ṣì wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pè. Mo yọ ọ́ níbẹ̀. Mo tún bá a nínú CONFIG.SYS, fáìlì mìíràn tí ẹ̀rọ ń kà láràárọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ alámì àti àwòrán dé, mo ń bá irú wọn nínú àwọn ìwé òwúrọ̀ tirẹ̀, WIN.INI àti SYSTEM.INI. Ọmọ oko ni mí, mo mọ koríko tí mo ń bá jà: ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi àdá gé ẹ̀kan ti sọ fún un pé kó máa bọ̀ lẹ́yìn òjò. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn, á gba ibòmíràn yọ. Ńṣe la máa ń hú u, tí a ń tẹ̀ lé gbòǹgbò náà dé ibi tó bá dé, tí a ń gbọn erùpẹ̀ rẹ̀, tí a ń sá a sórí àpáta kó gbẹ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta Ọ̀gá ń bẹ. Àwọn fáìlì kan wà tí ètò mẹ́ta, mẹ́rin jọ ń lò, bí ilé mẹ́rin ṣe ń pọn omi nínú kànga kan. Ẹni tó bá dí kànga nítorí pé ilé kan kó lọ, ilé mẹ́ta ló fi òùngbẹ pa. Nítorí náà, kí n tó yọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, mo máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà ná, màá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, màá máa retí bóyá ẹnikẹ́ni á ké. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, mo yọ ọ́. Aṣọ funfun Ọ̀gá nìyẹn.

Nígbà tó yá, irinṣẹ́ yí padà. Àwọn ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í mú ètò tó máa yọ wọ́n dání wá fúnra wọn. O kàn máa tẹ bọ́tìnì ni, wọ́n á kó ẹrù wọn. Mo wò ó títí. Àlejò tó gbé ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ sàréè rẹ̀ wá láti ilé! Sikírù, tó ti ń ta páàtì ẹ̀rọ ní Ṣáṣá nígbà náà, rí mi lọ́jà, ó pariwo láti ọ̀ọ́kán: "Àǹtí! Wọ́n ti gba sukudiráfà lọ́wọ́ yín o!" Mo ní, "Sikírù, agolo rẹ dà?" Àwọn tó yí i ká ò mọ ohun tó ń pa àwa méjèèjì lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ mi kò sì tán, nítorí pé àlejò tó kó ẹrù rẹ̀ máa ń gbàgbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo fi èyí tó tóbi jù sílẹ̀ de ìparí.

Bàbá kan wà ní Ìjàyè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n wá ń dá oko iṣu. Oko náà mọ́ féfé, ìgbálẹ̀ nìkan ni wọn ò fi gbá a. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lọ láti agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń bi àwọn àgbàlagbà léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òbí wọn: bí ogun ṣe tú ìlú ká, bí àwọn tó padà wá ṣe dá ojúlé wọn mọ̀ nínú igbó. Ikán ti jẹ ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Nítorí náà ni Kúnlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn, ṣe gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan fún wọn. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá fi ìka méjì tẹ̀ sínú rẹ̀ kí ikán tó dé orí èyí tó kù. Wọ́n ní tí àwọn bá parí, àwọn á gbé e lọ sí ìgboro lọ tẹ̀ sórí bébà. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn tó sọ ọ́ fún wọn sì ti ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sọ èyí tó gùn jù ni Bàbá Ṣadé, aládùúgbò wọn. Òun náà ti lọ, ó ku ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣadé, nílé tó dojú kọ tiwọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá ránṣẹ́ pè mí, eré àwọn ọmọ Kúnlé ni mo yọ kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Bàbá jókòó tì mí, wọ́n ń wo gbogbo ohun tí mo ń ṣe. Mo ṣàlàyé ẹ̀kan fún wọn, inú wọn dùn bí ìgbà tí mo yin oko wọn. Wọ́n tún fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn mí. Wọ́n nawọ́ sí ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣadé, wọ́n ní, "Mo máa yọ èyí tó bá yá. Ọkùnrin náà kàn ń fèsì fún ìyàwó rẹ̀ ni, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò kan ìtàn."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Kúnlé já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ. Bàbá ti hú gbogbo rẹ̀."

Ojú ọ̀nà ló ti ń rò ó fún mi. Nígbà tí àyè ń tán nínú ẹ̀rọ náà, Kúnlé ti fi ètò kan sí i tó máa ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀, kí ohun tó pọ̀ lè gba ibi kékeré. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀ àná, wọ́n rí orúkọ tí wọn ò mọ̀, wọ́n rò pé ẹ̀kan tún ti yọ. Wọ́n hú u gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i tí mo ṣe é: àpò rẹ̀, fáìlì kékeré rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìlà rẹ̀ nínú àwọn ìwé òwúrọ̀. Wọn ò fi gbòǹgbò kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn, gbogbo Ìjàyè ti pòórá.

A bá Bàbá lórí àga, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Màmá, ìyàwó wọn, ní, "Kò tíì fi oúnjẹ kanu látàná."

Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, bí o ṣe ṣe é ni mo ṣe é. Mo tilẹ̀ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀."

Kúnlé ní, "Àǹtí, mo rò pé ká kúkú fọ gbogbo ẹ̀ mọ́ ni, ká tún ẹ̀rọ náà tò, kí Bàbá wá máa bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Màmá yíjú sí i. "Kúnlé, àwọn wo ló kù?"

Kúnlé gbé àga sún mọ́ ẹ̀rọ fún mi.

Mo jókòó, mo tẹ DIR, kí ẹ̀rọ to orúkọ àwọn fáìlì inú rẹ̀ fún mi. Orúkọ díẹ̀ ló jáde, kò sí agboolé kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo wo ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń sọ iye àyè tó ṣẹ́ kù, mo sì sún mọ́ ọn. Ó ní àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán! Báwo ni ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ ṣe kún? Mo ní kí ó fi àwọn tó fara pamọ́ hàn mí náà. Ó fi ẹyọ kan hàn mí. Fáìlì kan ṣoṣo, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilé.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n wà níbí."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn. Inú àpò kan ni ètò yẹn ká wọn sí. Ẹni tó ń tú ẹnu àpò náà lẹ ti hú. Gbogbo agboolé ló fara tì í."

Bàbá dìde dúró. Mo ní, "Ẹ dákun, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Tá a bá kọ lẹ́tà kan péré síbi tí kò yẹ, a lè kọ ọ́ lé ẹnìkan lójú. Kúnlé, fílópì tí o fi kó ètò náà wọlé dà?"

Ìbàdàn ni àwo pẹlẹbẹ náà wà. Ó lọ mú un. Kó tó dé, iná ti lọ, Bàbá sì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ọkùnrin méjì gbé jẹnẹrétọ̀ ìjọ wá sẹ́yìn ilé. Mo dá ẹni tó ń tú ẹnu àpò padà sí àyè rẹ̀. Mo tún ẹ̀rọ tàn. Ó kà, ó dúró, ó tún kà. Mo tẹ DIR.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú ẹ̀rọ lọ, agboolé lẹ́yìn agboolé, wọ́n ń sáré kọjá bí àwọn tó ń ti oko bọ̀. Bàbá ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n gbogbo irun ara mi ló dìde lọ́jọ́ náà. Ìlú kan odindi, nínú àpò kan, nínú ohun tí a wò tí a ní ó ṣófo.

Iṣẹ́ kò tíì tán, torí pé ètò náà ṣì gbọ́dọ̀ kúrò. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá sórí fílópì, mo ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo yọ ohun mìíràn tí wọn ò lò kí àyè lè wà, mo wá ní kí ètò náà tú ohun tó dì fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń tú ìtàkùn iṣu lára igi rẹ̀ ni: ẹni tó bá fa igi yọ ti fa iṣu já, àfi kéèyàn máa tú u láti òkè wá sílẹ̀. Ó pẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lágbedeméjì, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí náà Kúnlé kò kúrò nídìí rẹ̀, ó di gálọ́ọ̀nù epo mú bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó tú tán, ètò náà ní, ṣé kí òun máa lọ? Mo bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó fara tì í mọ́. Mo ní kó máa lọ.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló mú Ìyá Ṣadé sọdá. "Ṣé ìsìn wà níbí ni? Ẹ ò sì pè mí."

Màmá fún un ní àga. Bàbá ní kí n ṣí ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣadé, kí àwọn fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, bó ṣe jáde lẹ́nu olóhun gẹ́lẹ́: "'Ìyá bàbá mi ní nígbà tí àwọn padà dé, igbó ti bo gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojúlé tirẹ̀. Òun fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan. Ó wò ó, ìdajì ìkòkò omi ìyá rẹ̀ ni, ó ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Ó jókòó tì í, ó ní ilé nìyí. Tíṣà, ẹ dúró ná, ìyàwó mi ń pè mí. Mò ń bọ̀ o, Ìyá Ṣadé, má jẹ́ kí ọbẹ̀ náà tutù.'"

Ìyá Ṣadé ti dìde lórí àga. Ó kọjú sí ẹ̀rọ náà, ó fa ìró rẹ̀ ṣinṣin.

"Ó ti tutù tipẹ́," ó ní. "Máa bọ̀ jàre."

Ìyá náà rọra jókòó padà, ó ní, "Ẹ máa kà á lọ."

Mo rí i pé ìka Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, àmì tó ń ṣẹ́jú sì wà ní ìparí ìlà yẹn gan-an. Mo ní, "Bàbá, ìlà tí ẹ ní ẹ máa yọ ńkọ́?"

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n kó wọn pa mọ́ sábẹ́ apá.

"Má fọwọ́ kàn án," wọ́n ní.